Ẹ̀rọ Tí Ọ̀gá Ògúnníyì Fún Ní Kúẹ́rì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde ná. Ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀. Orúkọ ènìyàn pàtàkì ló fẹ́ jáde báyìí, a kì í sì í jókòó gbọ́ ọ.

Dókítà Olóyè Onímọ̀-Ẹ̀rọ Jedidiah Ògúnníyì, Adelé Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìdánimọ̀ Àdìrẹ, Abẹ́òkúta.

Ẹ lè jókòó.

Orí fóònù ni wọ́n ti gbé oyè dókítà yẹn fún un, nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó dé fìlà onígun mẹ́rin lókè, ó wọ ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀. Onímọ̀-Ẹ̀rọ jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti tún jẹnẹrétọ̀ ilé ara rẹ̀ ṣe, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì kú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo orúkọ yìí, ẹyọ kan ni kì í jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ, òun ni Adelé. Ọdún kejì rèé tó ti wà níbẹ̀. Adelé dà bíi bàtà tí ènìyàn yá wọ lọ síbi ìgbéyàwó: ó lè máa dán, ẹsẹ̀ mọ̀ pé òun kọ́ ló ni ín. Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ohun tó rí, wọ́n á yọ Adelé kúrò níwájú orúkọ Ọ̀gá. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, wọ́n á fi Adelé sílẹ̀, wọ́n á yọ Ọ̀gá.

Iṣẹ́ àjọ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àdìrẹ ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti kún ọjà, lójú ẹni tí kò mọ aṣọ, kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ ara wọn dì, tí wọ́n sì rẹ sínú aró. Àjọ wá ní kọ̀ǹpútà kan àti kámẹ́rà kan. Wọ́n ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán aṣọ kọ́ kọ̀ǹpútà náà lẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi ní ojú inú. Aláró á tẹ́ aṣọ sábẹ́ kámẹ́rà, ẹ̀rọ á wò ó, á ní ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ojúlówó ló ń gba òǹtẹ̀. Aṣọ tí kò bá ní òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ Ìpàtẹ Àdìrẹ ọdọọdún, ibẹ̀ sì ni àwọn aláró ti ń rí oníbàárà tó ń gbé wọn dé ìparí ọdún.

Ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ náà ni Christianah, ọmọ Aké, obìnrin tí ojú rẹ̀ kì í yí padà. Bí ẹ bá sọ fún un pé ilé ń jó, á béèrè pé yàrá wo ni. Òun ló ṣàlàyé fún Ọ̀gá pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tán, ó kù kó máa fi ẹ̀kọ́ náà wo aṣọ. Bó ṣe máa wò ó wà nínú àwọn àṣẹ kéékèèké kan tí wọ́n ń kọ sí àyíká rẹ̀ kí ó tó jí: orúkọ àṣẹ lápá òsì, iye rẹ̀ lápá ọ̀tún, àmì dọ́gba láàárín. Bí ẹ̀rọ bá lajú, á ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá yí àṣẹ kankan padà, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀, àfi kí ẹ̀rọ sùn kó tún jí. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè é ní ẹnfáyáróńmẹ́ǹtì fáríébù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Ògúnníyì gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni àṣẹ.

"Àwọn àṣẹ yìí," ó ní, "ta ló ń pa wọ́n?"

Christianah ní òun ni.

Ọ̀gá wò ó bí ẹni wo ọmọ tó jókòó sórí àga baba rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí àṣẹ kan nínú ọgbà yẹn, ìbáà jẹ́ fún ènìyàn, ìbáà jẹ́ fún ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ fún garawa ìdọ̀tí, tí kò ní ti ẹnu òun jáde. "Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ orúkọ mi sí nídìí. Kí ẹ sì kọ ìdí tí mo fi pa á, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ọgbọ́n kọ́."

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Gbogbo rẹ̀."

Christianah kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Nínú iṣẹ́ ọba tiwa, ìwé tí kò bá ní "gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe pàṣẹ" nísàlẹ̀, òkú tí kò ní ẹbí ni. Ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé agboòrùn ni gbólóhùn yẹn. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà, orí ọ̀gá ló ń rọ̀ sí.

Iṣẹ́ àṣẹ pípa wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jókòó, akọ̀wé rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Isaiah, dúró lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ Isaiah ni láti máa gba ọ̀rọ̀ Ọ̀gá gbọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Christianah ka àṣẹ kìíní: iye òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń lò nínú ara rẹ̀, mẹ́rin, nítorí pé ọwọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá mọ́ ọn.

"Mẹ́rin," ni Ọ̀gá wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. "Èmi, òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ọ̀gá àwọn tó ń gbá gọ́tà ní ogún. Kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

Isaiah ní òun ti ń ro mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láti àná.

Christianah kọ ọ́, ó kọ ìdí rẹ̀, ó kọ orúkọ Ọ̀gá sí i. Aṣọ tí ẹ̀rọ ń wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ fojú inú wo ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta létí odò Ògùn tí wọ́n ń du igbá mẹ́rin, tí kálukú ń sọ pé òun ló kàn. Omi wà, igbá wà, kò sẹ́ni tó tíì pọn ún. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ọ̀gá pé iṣẹ́ ti falẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹ wo erin, ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ẹran kékeré ló ń sáré.

Àṣẹ kejì ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tipẹ́ pé ẹ̀rọ àjọ ní ẹ̀yà ara alágbára kan tí wọ́n ń pè ní GPU. Kò ní in, kò ní in rí. Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ GPU. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní agogo mẹ́jọ tí Christianah máa ń jí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ wá GPU títí, ó kọ ọ́ sójú gbangba pé òun kò rí i, ọwọ́ lásán lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Àlejò kan tó tètè dé ka èyí. Ọ̀gá, tí kì í dé kí agogo mọ́kànlá tó lù, bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àlejò náà.

Kúẹ́rì jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Isaiah ló tẹ̀ ẹ́, òun náà ló fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà:

"Ìwọ Ẹ̀rọ Kìíní, ó ti dé etígbọ̀ọ́ Ọ̀gá pé o sọ níwájú àlejò pé o kò rí ohun tí Ọ̀gá sọ pé o ní. Ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ bá ọ wí gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ ọba."

Wákàtí méjìdínláàádọ́ta kọjá, ẹ̀rọ kò fèsì. Ọ̀gá ní ìgbéraga ni. Wọ́n ní kí Christianah fèsì lórúkọ rẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn méjì: "Ẹ̀rọ náà kábàámọ̀. Ó ṣì ń wá a." Ọ̀gá ka èyí, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó ní òun dárí jì í, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìkìlọ̀ ìkẹyìn sínú fáìlì rẹ̀.

Àṣẹ kẹta ló ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ ènìyàn. Christianah ti kọ ọ́ pé bí ẹ̀rọ bá ti ní ìdánilójú márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kó fọwọ́ sí aṣọ. Ọ̀gá béèrè pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ńkọ́. Christianah ní iyèméjì ni.

"Iyèméjì," ni Ọ̀gá wí, "nínú ọ́fíìsì mi." Ó ní kí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún. Christianah ní ẹ̀rọ tó ní làákàyè kì í búra dé ọgọ́rùn-ún, pé kò sí aṣọ tó máa kọjá. Isaiah ní iyèméjì gan-an ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí aṣọ tó kọjá mọ́. Àbí kí n sọ pé ó ku ti ẹnìkan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dìde lọ ti ilẹ̀kùn kó tó pa àṣẹ kẹrin. Ìyàwó rẹ̀, Madam Mọ́níkẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù náà kún fún àdìrẹ tó ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ní aṣọ tó bá ti ṣọ́ọ̀bù yẹn wá, kí ẹ̀rọ má wò ó rárá, kó ṣáà máa gbà á. Christianah béèrè ìdí. Ọ̀gá ní nítorí àlàáfíà ilé òun. Christianah tún béèrè bóyá kí òun kọ orúkọ àti ìdí sí èyí náà.

"Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Mo ní gbogbo rẹ̀."

Christianah kọ ọ́.

Àṣẹ karùn-ún ni ariwo, ìyẹn ni bí ẹ̀rọ ṣe máa sọ ohun tó ń ṣe tó: òdo, kó dákẹ́, ẹẹ́ta, kó rojọ́ títí kan èémí rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ ẹẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣàn lójú kọ̀ǹpútà bí omi òjò ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bó bá dé lágogo mọ́kànlá, á dúró níwájú rẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ wò ó, ó ń kì mí."

Àárín èyí ni Àfúsá dé. Aláró ni, ọmọ Òwu, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ ti kọ aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàtẹ. Ó ti po ìkòkò aró mẹ́fà nítorí rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Kánò ti wọ ọkọ̀.

Ó bọ́ sójú kámẹ́rà, ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn fi dúró. Ẹ̀rọ wò ó, ó ní àdìrẹ ni, ìdánilójú mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Kò pé ọgọ́rùn-ún, a kò gbà á.

"Ọwọ́ tí Ọlọ́run fún mi, òun náà ti di ayédèrú," ni Àfúsá wí. "Ọ̀gá, kí ni kí n fi ìkòkò aró mẹ́fà ṣe? Kí n máa mu ún?"

Ọ̀gá dìde fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ó sọ fún un pé ìdúróṣinṣin ni òpó ilé, pé òpó kì í tẹ̀ nítorí pé ẹnìkan fẹ́ kọjá, pé òun fúnra òun sunkún lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláró lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú mọ́tò, pẹ̀lú éésì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ó ní kó lọ kọ lẹ́tà. Àfúsá ní òun kò mọ lẹ́tà kọ dáadáa, ṣùgbọ́n òun mọ Ọjọ́bọ̀, òun á sì bá wọn pàdé Kọmíṣọ́nnà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọ̀gá ti pinnu pé gbangba ni ẹ̀rọ máa jí lọ́jọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa hàn gàdàgbà lára ògiri, kí Kọmíṣọ́nnà lè rí iṣẹ́ tó pọ̀. Christianah kọ mẹ́mò sí i níjọ́ Ajé pé bí ariwo bá wà ní ẹẹ́ta, ẹ̀rọ máa ń ka gbogbo àṣẹ rẹ̀ jáde nígbà tó bá ń jí. Ṣé kí òun dín in kù? Ọ̀gá dá mẹ́mò náà padà nítorí pé kò sí Olóyè nínú orúkọ òun. Christianah fi Olóyè sí i. Ọ̀gá kọ "A ti rí i" sí i lórí, kò kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí kì í dé ibi iṣẹ́ kí agogo mọ́kànlá tó lù ṣe wá pe gbogbo ìlú wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lágogo mẹ́jọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò rí rí.

Kọmíṣọ́nnà dé lásìkò. Obìnrin tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Isaiah fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ka oyè Ọ̀gá. Àfúsá àti àwọn aláró bí ogún jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí itan wọn. Ọ̀gá wọ agbádá funfun kan tó fẹ̀ tó aṣọ ìkélé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ kíbọ́ọ̀dù, ó gé e, ó gba gbohùngbohùn.

"Kọmíṣọ́nnà wa ọ̀wọ́n," ó ní, "oòrùn máa ń yọ lọ́jọ́ gbogbo, a kì í pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jí i. Ẹ̀rọ yìí yàtọ̀. Ẹ ó rí ẹni tó ń jí i. Kò sí ohun kan nínú ẹ̀rọ yìí, ẹ dákun ẹ fetí sí mi, kò sí ohun kékeré kan níbẹ̀, tí kì í ṣe èmi ni mo pàṣẹ rẹ̀."

Isaiah pàtẹ́wọ́ kí "rẹ̀" tó jáde tán. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi bàtà.

ADIRE_OSISE=64. Ìdí: mẹ́rin kò yẹ ipò Ọ̀gá. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Ògúnníyì ṣe pàṣẹ.

Ọ̀gá rí orúkọ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹríba díẹ̀.

ADIRE_IBI_ISE=GPU. Ìdí: a ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Ògúnníyì ṣe pàṣẹ.

ADIRE_IDANILOJU=100. Ìdí: kí aṣọ má baà kọjá pẹ̀lú iyèméjì. Òṣìṣẹ́ sọ pé aṣọ kankan kò ní kọjá. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Ògúnníyì ṣe pàṣẹ.

Àwọn aláró bẹ̀rẹ̀ sí í mira lẹ́yìn. Ẹ̀rín Ọ̀gá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rín in ti sá lọ.

ADIRE_MA_WO=ṣọ́ọ̀bù Madam Mọ́níkẹ́. Ìdí: kí àlàáfíà lè wà nílé Ọ̀gá. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Ògúnníyì ṣe pàṣẹ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ dúró sí. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti dé ìdí igbá mẹ́rin, wọ́n ti ń jà.

Kọmíṣọ́nnà ka ìlà náà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ka ìkéde. Ọ̀gá ní àdúrà òwúrọ̀ ẹ̀rọ ni.

"Ó dárúkọ ìyàwó yín nínú àdúrà," ni Kọmíṣọ́nnà wí.

Ọ̀gá yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó fi ohùn tó ń lò fún àwọn mẹ́séńjà pàṣẹ fún un pé kó dákẹ́ kíákíá. Christianah sọ fún un, ojú rẹ̀ kò yí padà, pé ó ti jí, kò lè gbọ́ àṣẹ mọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kó tó kúrò lórí ìlà yẹn. Ọ̀gá wá ṣe ohun tí ọpọlọ rẹ̀ rí ṣe: ó sáré síwájú iná tó ń gbé ọ̀rọ̀ sára ògiri, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi agbádá bo ògiri.

Ọ̀rọ̀ kúrò lára ògiri lóòótọ́. Ó bọ́ sí àyà Ọ̀gá. ṢỌ́Ọ̀BÙ MADAM MỌ́NÍKẸ́ nà láti ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọwọ́ ọ̀tún, ÀLÀÁFÍÀ ká ikùn rẹ̀ mọ́. Ó wo ara rẹ̀, ó yí padà. Ọ̀rọ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún yí padà.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, sà," Àfúsá wí láti ẹ̀yìn, ó ti ń wá awò ojú rẹ̀. "Mi ò tíì kà á tán."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà dà lé ẹrù ara wọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Ẹnìkan ní àdìrẹ tó kọ ìtàn ara rẹ̀ rèé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un. Isaiah ti dé ẹ̀gbẹ́ Kọmíṣọ́nnà, ó ń rọra sọ fún un pé òun ti ń fura láti àná.

Kọmíṣọ́nnà kọjá lára rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Christianah pé, bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, kí ni yóò kọ. Christianah pa ẹ̀rọ, ó kọ ìlà mẹ́rin: òṣìṣẹ́ mẹ́rin, kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ohun tó ní, ìdánilójú márùndínláàádọ́rùn-ún, ariwo òdo. Àṣẹ kí ẹ̀rọ má wo ṣọ́ọ̀bù kankan, ó yọ ọ́ dànù. Ó béèrè lọ́wọ́ Kọmíṣọ́nnà bóyá kí òun kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Kọmíṣọ́nnà ní rárá o.

Ẹ̀rọ jí. Àfúsá tẹ́ aṣọ rẹ̀. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí ẹ̀rọ fi ní ojúlówó ni. Ẹnìkan gbé aṣọ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù Madam Mọ́níkẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tuntun lára rẹ̀. Ẹ̀rọ wò ó, ó ní ayédèrú. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àwọn aláró ti gba òǹtẹ̀, Àfúsá ló kọ́kọ́ jáde, ẹrù lórí, ó ń pe ẹni tó wà lọ́nà Kánò.

Ní tiwa níbí, a kì í lé ọ̀gá, a máa ń gbé e ni. Kọmíṣọ́nnà sọ fún un kó tó lọ: "Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì, ẹ wá gba lẹ́tà yín lọ́jọ́ Ajé." Ọ̀gbẹ́ni lásán.

Lẹ́tà náà gbé e lọ Kọ́bapẹ́, sí ilé tí wọ́n ń kó irúgbìn pamọ́ sí fún àwọn àgbẹ̀, ilé oníyàrá kan tó ní alámòójútó kan. Ó wọ agbádá lọ. Alámòójútó náà, Muideen, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán, ń rán ẹnu àpò àgbàdo nígbà tó dé. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́, ó ní, "Èmi ni Dókítà Olóyè Onímọ̀-Ẹ̀rọ—"

"Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá. Ẹ bá mi di ẹnu àpò yìí mú, ó ń dà."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnìkan wà tí òun lè rán níṣẹ́. Kò sẹ́ni. Àgbàdo ń dà lóòótọ́. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dì í mú. Muideen rán an títí dé ìpẹ̀kun, ó fi eyín gé òwú.

"Ẹ ṣé," ni Muideen wí, ó sì fa àpò mìíràn.

Ọ̀gá Ògúnníyì kò tíì nàró. Ó ń retí ìyókù, àwọn oyè tó yẹ kó tẹ̀ lé "Ẹ ṣé" yẹn. Kò sí ìyókù.